Bí ẹ ṣe lè gba abẹ́rẹ́ ìrìnàjò àti yẹ́lò káàdì tí ẹnikẹ́ni kò ní dá padà ní pápákọ̀ òfurufú

Físà ti wà nínú ìwé ìrìnnà, owó tíkẹ́ẹ̀tì ti san, wọ́n ti wọn ẹrù tán. Ẹni tó wà nídìí káńtà wá ṣí yẹ́lò káàdì, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú (yellow fever), ó ní ọjọ́ tí ẹ gba abẹ́rẹ́ kò tíì pé 10, tàbí pé orúkọ inú káàdì kò bá ti ìwé ìrìnnà mu. Ìrìnàjò dúró níbẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn wa nìyí léraléra, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2012, ọmọ Nàìjíríà 125 ni South Africa dá padà lórí ọ̀rọ̀ káàdì yìí, débi tí ọ̀rọ̀ náà fi di ti ìjọba sí ìjọba. Abẹ́rẹ́ kò ṣòro gbà. Ìwé rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀ ló ń dá èèyàn dúró, orí wọn sì ni ìtọ́sọ́nà yìí máa pẹ́ sí jù.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìwé ìrìnnà tí ẹ máa fi rìn gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ gba tuntun, ẹ kọ́kọ́ gba tuntun náà.
- Ọjọ́ ìrìnàjò, pẹ̀lú orúkọ gbogbo ìlú tí ẹ ti máa pààrọ̀ ọkọ̀ òfurufú.
- Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ìyá yín tọ́jú láti kékeré, bó bá ṣì wà, àti yẹ́lò káàdì àtijọ́ bí ẹ bá ní.
- Orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò lọ́wọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orí.
- Nọ́ńbà fóònù àti íméèlì tó ń ṣiṣẹ́, káàdì báńkì, àti ibi tí ẹ ti lè tẹ ìwé jáde.
- Ọ̀sẹ̀ 8 kí ọjọ́ ìrìnàjò tó pé, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ 6 ṣì dára. Bó bá ti kù díẹ̀ kó pé ọ̀sẹ̀ 2, ẹ ti ń bá ọjọ́ jà nìyẹn.

1. Ẹ mọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ yín

Oríṣi méjì ni abẹ́rẹ́ ìrìnàjò. Àwọn kan wà tí òfin orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ sọ pé ẹ kò lè wọlé láìgbà. Àwọn mìíràn wà tí ara yín nílò, àmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní béèrè ìwé rẹ̀. Ẹ fi ti òfin ṣáájú.

Fún ẹni tó ń ti Nàìjíríà lọ, abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ni àkọ́kọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka Nàìjíríà mọ́ àwọn ilẹ̀ tí àrùn náà ti lè ran èèyàn, ìdí nìyẹn tí South Africa, Kenya, Íńdíà àti Saudi fi ń béèrè yẹ́lò káàdì lọ́wọ́ ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ wa dé. Ghana ń béèrè pẹ̀lú. Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà àti Kánádà kì í béèrè.

Ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà fún Hajj tàbí Umrah ní méjì mìíràn lọ́rùn. Èkíní ni abẹ́rẹ́ àrùn yínrunyínrun, àrùn tó máa ń mú kí ọrùn gan. Oríṣi tí Saudi ń gbà ni ACWY, tó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ ẹ̀yà mẹ́rin àrùn náà, ó sì gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10 kí ẹ tó gúnlẹ̀. Ẹ béèrè irú ACWY tí wọ́n fún yín, nítorí ìwé ọ̀kan ń lo ọdún 3, ti èkejì ń lo ọdún 5. Èkejì ni àjẹsára rọpárọsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, fún àgbàlagbà pẹ̀lú. Kò gbọ̀dọ̀ dín ní ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú ìrìnàjò, kò sì gbọ́dọ̀ ju oṣù 12 lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí Amẹ́ríkà máa ń rí i pé ilé ẹ̀kọ́ ń béèrè MMR ẹ̀ẹ̀mejì, ìyẹn abẹ́rẹ́ éèyi, ṣẹ̀gẹ̀dẹ̀ àti rubella, àrùn kan tó jọ éèyi. Àwọn kan tún ń béèrè ti yínrunyínrun. Ẹni tó gba físà láti lọ máa gbé Amẹ́ríkà pátápátá máa lọ sọ́dọ̀ dókítà tí ilé iṣẹ́ aṣojú wọn yàn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti máa wo ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní láti máa sáré gba abẹ́rẹ́ kiri kó tó débẹ̀. Kó kó gbogbo ìwé àtijọ́ lọ, wọ́n á sọ èyí tó kù.

Ẹ ṣọ́ra níbí: ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń lọ nìkan, wọ́n ń gbàgbé ibi tí ọkọ̀ ti máa yà. Bí ẹ bá gba Johannesburg, Nairobi tàbí Addis Ababa kọjá, tí ẹ sì lò ju wákàtí 12 lọ níbẹ̀, wọ́n lè béèrè yẹ́lò káàdì bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tí ẹ ń lọ gan-an kò béèrè. Àṣìṣe kejì ni pé àwọn kan ń rò pé ìwé àyẹ̀wò ikọ́ ife tí Ìlú Ọba ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ lò ju oṣù 6 lọ́dọ̀ wọn lè dúró fún yẹ́lò káàdì. Àyẹ̀wò nìyẹn, kì í ṣe abẹ́rẹ́, kò sì lè dípò ara wọn.

Ẹ pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú yín. Àkójọ òfin kan tí wọ́n ń pè ní Timatic ni àwọn tó wà nídìí káńtà máa ń wò kí wọ́n tó jẹ́ kí èèyàn wọkọ̀. Ẹ sọ ìlú tí ẹ ti ń gbéra, ibi tí ẹ máa yà sí àti ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ ní kí wọ́n ka ohun tó wà níbẹ̀ sí yín létí.

Àyẹ̀wò: ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ orúkọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tí ẹsẹ̀ yín máa kàn, àti abẹ́rẹ́ tí ó ń béèrè níwájú rẹ̀. Bí àyè kan bá ṣófo nítorí pé ẹ kò mọ̀, ìgbésẹ̀ yìí kò tíì parí.

2. Ẹ ka ọjọ́ láti ẹ̀yìn wá

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ máa gbéra, kí ẹ kà á bọ̀ wá sí òní.

Yẹ́lò káàdì kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ gba abẹ́rẹ́. Ó di ọjọ́ 10 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà, ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ni káàdì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá gúnlẹ̀ sí Íńdíà láìní káàdì tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n lè yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 6.

Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ibà pọ́njú àti MMR kò fẹ́ràn kí wọ́n sún mọ́ ara wọn jù. Kòkòrò àrùn tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára, àmọ́ tó ṣì wà láàyè, ló wà nínú méjèèjì, ọ̀kan sì lè dín agbára èkejì kù. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ 4 sáàárín wọn. MMR àkọ́kọ́ àti èkejì náà gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ 28 jìnnà síra. Ẹ wá wò ó: akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbéra ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ, tó sì nílò gbogbo rẹ̀, lè gba MMR àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà, ibà pọ́njú ní ọjọ́ 8 oṣù keje, kó gba MMR kejì ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ. Ó bọ́ sí i, àmọ́ kò sí ọjọ́ púpọ̀ tó lè fi ṣòfò. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje kò ní rí gbogbo rẹ̀ ṣe bó ṣe yẹ. Kó gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ, kó lè bá a pinnu èyí tó máa ṣíwájú.

Bí ẹ bá ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú rí, tí ìwé rẹ̀ sì jẹ́ ojúlówó, ẹ̀ẹ̀kan yẹn ti tó. Láti ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2016 ni òfin ìlera àgbáyé ti sọ pé káàdì náà ń ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ ayé ẹni, kódà bó bá jẹ́ ọdún 10 ni wọ́n kọ sí ti àtijọ́. Àmọ́ láti oṣù keje ọdún 2019 ni Nàìjíríà ti ń lo yẹ́lò káàdì tuntun tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò. Bí ti àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ tètè gbé e lọ sí ọ́fíìsì Port Health, àwọn tó ń fúnni ní káàdì náà ní Nàìjíríà, kí wọ́n sọ bí ẹ ṣe máa gba tuntun. Bí wọn kò bá rí ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àtijọ́ náà, ẹ lè ní láti gbà á lọ́tun, ọjọ́ 10 yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra níbí: àwọn kan máa sọ fún yín pé àwọn lè bá yín fa ọjọ́ sẹ́yìn lórí káàdì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà. Irọ́ ni wọ́n fẹ́ kó lé yín lórí lọ sí ilẹ̀ onílẹ̀, àkọsílẹ̀ orí ẹ̀rọ sì lè tú u.

Àyẹ̀wò: ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn ti fi ó kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa gúnlẹ̀, ọ̀sẹ̀ 4 bó bá jẹ́ ti rọpárọsẹ̀.

3. Ẹ sọ òótọ́ nípa ara yín kí abẹ́rẹ́ tó wọlé

Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dára púpọ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ara ló wà fún. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 kò gbọdọ̀ gbà á rárá. Oṣù 9 ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí fún ọmọ; láàárín oṣù 6 sí 9, dókítà ló lè pinnu. Ẹni tí ẹyin máa ń mú kí ara rẹ̀ wú tàbí kí èémí rẹ̀ há kò gbọdọ̀ gbà á. Bákan náà ni ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára láti gbógun ti àrùn: ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀yà ara fún, ẹni tí kòkòrò HIV ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára gan-an, àti ẹni tó ní àìsàn ẹ̀yà ara thymus tó wà nínú àyà.

Aboyún, ìyá tó ń fún ọmọ ọwọ́ lọ́mú, àti ẹni tó ti pé ọdún 60 tí kò gba abẹ́rẹ́ yìí rí, ẹ rí dókítà kí ẹ tó lọ. Mo ń ro àwọn ìyá wa tó ń lọ bá àwọn ọmọ wọn wẹ ọmọ tuntun ní London tàbí Houston. Àwọn ọmọ á ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní kí Màmá sáré lọ gba yẹ́lò káàdì. Ibi tí Màmá ń lọ kò béèrè rẹ̀, ewu abẹ́rẹ́ náà sì ga díẹ̀ fún ẹni tó ti lé ní 60 tó ń gbà á fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó lè jẹ́ pé dókítà máa ní kí wọ́n gbà á síbẹ̀, nítorí pé àrùn náà wà nílẹ̀ wa. Kó ṣáà jẹ́ dókítà ló wò ó, kì í ṣe ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tí kò lè gbà á máa gba ìwé lọ́dọ̀ dókítà tó ṣàlàyé pé ìlera rẹ̀ ni kò gbà á láyè, pẹ̀lú ìfọwọ́sí àti òǹtẹ̀. Ẹ fi ìwé náà han ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ kí ẹ tó gbéra, torí pé àwọn ló ní agbára láti gbà á tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́.

Àyẹ̀wò: nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gún yín ti béèrè nípa oyún, ẹyin, oògùn àti àìsàn. Bí kò bá béèrè, ẹ sọ ọ́ fúnra yín.

4. Ẹ forúkọ sílẹ̀, ẹ sì sanwó síbi tó tọ́

Port Health Services, ẹ̀ka ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìlera, ló ń fúnni ní yẹ́lò káàdì ní Nàìjíríà. Wọ́n wà ní ẹnu ibodè àti pápákọ̀, irú bíi pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Ìkẹjà àti ibodè Sẹ̀mẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìforúkọsílẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹ máa kọ orúkọ, nọ́ńbà ìwé ìrìnnà àti ọjọ́ ìbí, ẹ máa yan ibi tí ẹ ti fẹ́ gba abẹ́rẹ́, ẹ máa sanwó, kí ẹ wá tẹ ìwé ẹ̀rí jáde.

Ẹ gba àdírẹ́sì ojú ewé náà lẹ́nu òṣìṣẹ́ Port Health fúnra wọn. Ẹ má tẹ èyí tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Orúkọ ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà ni kí ẹ kọ ọ́, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí ìwé ìrìnnà bá pè yín ní Oluwaseun, ẹ má kọ Seun. Bó bá ní orúkọ mẹ́ta, ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Obìnrin tó ti lọ́kọ àmọ́ tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣì ní orúkọ bàbá rẹ̀, orúkọ bàbá ni kó lò. Ẹ tún rí i pé orúkọ ìdílé wọ àyè orúkọ ìdílé, nítorí àwa máa ń dà wọ́n rú.

Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀. Wọn kì í kọ ọmọ sínú káàdì ìyá. Káàdì àjẹsára tí ọmọ ní láti ilé ìwòsàn, tó fi hàn pé ó gba ti ibà pọ́njú ní oṣù 9, kò lè dípò yẹ́lò káàdì ní ibodè, àmọ́ ẹ mú un dání.

Ẹ ṣọ́ra níbí: àwọn agbódegbà máa ń dúró nítòsí ọ́fíìsì, wọ́n á ní kí ẹ mú owó wá, kí ẹ jókòó síbì kan, káàdì á dé láìgba abẹ́rẹ́. Ẹni tó ra irú káàdì bẹ́ẹ̀ ń lọ láìní ààbò kankan lọ́wọ́ àrùn tó ń pa èèyàn.

Àyẹ̀wò: ìwé ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́ yín, orúkọ yín, nọ́ńbà ìwé ìrìnnà àti ibi tí ẹ yàn sì wà lórí rẹ̀ láìsí àṣìṣe kankan.

5. Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́

Ẹ jẹun, ẹ wọ aṣọ tí apá rẹ̀ rọrùn láti ká sókè, kí ẹ sì tètè dé. Ìgò abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú tí wọ́n sábà ń lò máa ń tó èèyàn 10, bí wọ́n bá sì ti po ó, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 6 lọ. Nítorí náà ni àwọn ibìkan fi máa ń dúró kí èèyàn pọ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ìgò. Ẹ pè kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ béèrè ọjọ́ àti àsìkò tí wọ́n máa ń gún un, pàápàá bí ẹ bá ń ti ọ̀nà jíjìn wá.

Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti wo ìgò náà kí wọ́n tó ṣí i. Inú fíríìjì tàbí àpótí yìnyín ló yẹ kó ti jáde, láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8. Lára àwọn ìgò tí ìjọba ń lò, ẹ máa rí àmì róbótó kékeré kan tí onígun mẹ́rin wà láàárín rẹ̀. Onígun mẹ́rin náà gbọ́dọ̀ funfun ju róbótó tó yí i ká lọ. Bó bá ti dúdú dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, tàbí jù ú lọ, ooru ti ba abẹ́rẹ́ náà jẹ́. Kò sí àrífín nínú kí ẹ béèrè. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ á fi hàn yín tayọ̀tayọ̀.

Abẹ́rẹ́ tuntun ni kí wọ́n tú níwájú yín. Ìwọ̀n kíkún ni kí wọ́n fún yín, nítorí pé ìwọ̀n tí wọ́n pín kéékèèké nígbà tí àrùn bá bẹ́ sílẹ̀ ń dáàbò bo èèyàn, àmọ́ kò ṣe é fi gba yẹ́lò káàdì. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jókòó síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ara bá fẹ́ kọ̀ ọ́ lójijì, inú àkókò yẹn ló sábà máa ń fara hàn, ibẹ̀ sì ni oògùn rẹ̀ wà.

Àyẹ̀wò: ẹ rí ìgò, ẹ rí abẹ́rẹ́ tuntun, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti pé, èémí yín sì ń lọ geere.

6. Ẹ ka káàdì kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó fún yín

Bí ẹ bá máa ṣe ìgbésẹ̀ kan dáadáa nínú gbogbo rẹ̀, kó jẹ́ èyí. Ẹ ṣí ìwé ìrìnnà sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì, kí ẹ kà wọ́n pọ̀: orúkọ, ọjọ́ ìbí, akọ tàbí abo, orílẹ̀-èdè, nọ́ńbà ìwé ìrìnnà. Lẹ́yìn náà ẹ wo orúkọ àrùn, ọjọ́ abẹ́rẹ́, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe abẹ́rẹ́ àti nọ́ńbà tó wà lára ìgò, àti òǹtẹ̀. Dókítà tàbí òṣìṣẹ́ ìlera gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù ú. Òǹtẹ̀ nìkan kò tó. Ẹ̀yin náà máa buwọ́ lù ú ní àyè tiyín. Fún ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kọ, òbí ló máa buwọ́ lù ú.

Ẹ ṣọ́ra níbí: bí àṣìṣe kan bá wà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi bírò fa ìlà sí i tàbí kí wọ́n fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́. Òfin àgbáyé sọ pé káàdì tí wọ́n pa nǹkan rẹ́ lórí rẹ̀, tàbí tí àyè kan ṣófo nínú rẹ̀, lè di aláìwúlò. Ẹ ní kí wọ́n kọ òmíràn, kódà bí ó bá máa gba àsìkò díẹ̀ sí i.

Àyẹ̀wò: ẹ ní kí òṣìṣẹ́ náà fi ẹ̀rọ wo àmì orí káàdì níṣojú yín, kí orúkọ yín sì jáde.

7. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀

Orí fífọ́, ara ríro àti ibà díẹ̀ lè wá fún ọjọ́ díẹ̀. Paracetamol àti ìsinmi tó fún un. Àmọ́ ẹ má di gbogbo ibà ru abẹ́rẹ́. Ẹ̀fọn wa kò sinmi, nítorí náà bí ibà bá le, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn. Bí ojú bá ń pọ́n bí ìyeyè, tí èèyàn ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tí kò lè rìn dáadáa láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ilé ìwòsàn ní kíákíá, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ gbà á. Ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀, àmọ́ kì í ṣe ohun tí a ń fi àgbo wò.

8. Bó bá jẹ́ láti òkè òkun ni ẹ ti ń bọ̀ wálé

Ẹni tó ń gbé Ìlú Ọba tó fẹ́ wá sílé máa lọ sí ibi tí wọ́n fọwọ́ sí pé ó lè gún abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ládùúgbò ló lè ṣe é. NHS, ètò ìlera ìjọba níbẹ̀, kì í fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ó ń fúnni ní ti ibà jẹ̀fun-jẹ̀fun àti ti àrùn ẹ̀dọ̀ A lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ béèrè wọn. Ní Amẹ́ríkà náà, ilé ìwòsàn tí ìjọba fún ní òǹtẹ̀ nìkan ló lè kọ ọ́ sí káàdì. Kí ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún má ṣe wá sílé láìgbà á, bó bá ti pé oṣù 9. Pé àwọn òbí rẹ̀ dàgbà ní Ìbàdàn kò fi ààbò kankan sí i lára.

9. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìnàjò

Ẹ ya fọ́tò káàdì, ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ẹnìkan nílé. Ojúlówó rẹ̀ ni kí ẹ fi sínú ìwé ìrìnnà, nínú báàgì tí ẹ máa gbé lọ́wọ́, má ṣe sínú ẹrù tó ń wọ abẹ́ ọkọ̀. Fọ́tò kì í sábà tó ní ibodè, àmọ́ ó máa ràn yín lọ́wọ́ láti gba òmíràn bí èyí bá sọnù.

Àyẹ̀wò tó kẹ́yìn: ẹ fún ẹlòmíràn nínú ilé ní ìwé ìrìnnà àti káàdì ẹni kọ̀ọ̀kan tó ń lọ, ti àwọn ọmọ náà. Kó ka orúkọ méjèèjì sókè, kó sì ka ọjọ́ láti ọjọ́ abẹ́rẹ́ dé ọjọ́ tí ẹ máa gúnlẹ̀. Bó bá pé 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lè lọ sùn.